Ẹni Méjì Lórí Ẹ́ńjìnnì Kan

"Mo ti yí ìdí ẹ́ńjìnnì yẹn díẹ̀ láàárọ̀ yìí," ni ẹ̀gbọ́n wí fún àbúrò rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ aránṣọ, bó ṣe ń gbé ọkọ̀ ìdíje wọn sórí ìlà. "Má bẹ̀rù. Ó máa sáré."

Aránṣọ náà tún rímóòtù dì mú. Ọkọ̀ ọ̀hún kò ju bàtà ọmọdé lọ, rímóòtù yẹn ló sì fi ń wà á. Láàárọ̀ yẹn kan náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ mumi, òun náà ti yọ́ kẹ́lẹ́ fi táímìn kún un nínú àpótí kékeré tó ń pín iná. Bí iná bá ṣe ń tètè dé ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì tó ni ọkọ̀ ṣe ń sáré tó, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe ń gbóná tó. Yíyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yí ìdí ẹ́ńjìnnì náà ń fi táímìn kún un; wọ́n ti wá fi kún un níbi méjì báyìí, ẹ́ńjìnnì mìíràn ò sì sí. Bí èyí bá jó, ìdíje ọdún yìí ti parí fún wọn nìyẹn.

Kó sọ ni, àbí kó dákẹ́? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń fi àtúnṣe fáànù jẹun, ti kìlọ̀ fún un: "Tèmi ni kí n tò ó, tìẹ ni kó o wà á." Kò tíì pinnu. Fèrè dún.

Obìnrin tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì ìránṣọ láti àárọ̀ dalẹ́ láìwẹ̀yìn, ìka kan ṣoṣo tó fi ń tẹ iná ọkọ̀ ló wá ń dà á láàmú. Níbi tí ọ̀nà ti gùn, tí àwọn yòókù ti ń tẹ tiwọn dópin, ṣe ló ń fa ìka tirẹ̀ sẹ́yìn. Síbẹ̀ ẹ́ńjìnnì náà ń ké fííí. Wọ́n ń yà á sílẹ̀. Òórùn nǹkan tó ń jó ta sí i nímú.

Ipò kẹrin ló gbà. Ẹni mẹ́rin ló ń kọjá sí àṣekágbá, òun ló sì gbẹ̀yìn wọn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, ó sì fa ọwọ́ kúrò kíá nítorí ooru.

"Ta ló tún fi táímìn kún un?"

"Ẹ má bínú, bọ̀ọ̀dá mi. Èmi ni. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọkọ̀ náà ò ní yá tó."

"O ò fọkàn tán iṣẹ́ mi."

Ojú tì í. Lẹ́yìn náà ló béèrè: "Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí lẹ yí ìdí rẹ̀ fún?"

Ọkùnrin náà mú aṣọ, ó ń nu táyà tí kò dọ̀tí. Òun fúnra rẹ̀ ló to ọkọ̀ náà, ó sì mọ̀ pé ó yá dáadáa. Aránṣọ náà wo ọwọ́ tó fi ń wa ọkọ̀, ó wá yé e pé ọwọ́ ọ̀hún ni kò dá ẹ̀gbọ́n òun lójú.