Eku Pápá Kì Í Gbélé

Ọ̀tá èkúté lèmi Fáòsíà tí mò ń ta ọṣẹ ní ọjà Madina. Wọ́n jẹ ọṣẹ mi, wọ́n jẹ páálí rẹ̀, díẹ̀ ló kù kí wọ́n jẹ èmi náà. Ọmọ tí Ọlọ́run wá fún mi, Morónfólú, ẹ̀kọ́ nípa eku ló ń kọ́ ní yunifásítì. Ẹ gbà mí!

"Mọ́mì, ti ṣọ́ọ̀bù yín yàtọ̀ sí ti pápá." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn ṣáá. Lójú tèmi, ìbejì ni wọ́n. Ó ní rárá o: èkúté ilé kì í gbé inú koríko, ti inú igbó kì í jáde sí gbangba, èyí tí òun ń wá, inú koríko gíga ẹ̀yìn Madina nìkan lòun ti ń rí i.

Àfi bí katapílà ṣe dé pápá náà. Ó sáré wá bá mi. "Mọ́mì, mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n fi igun kan sílẹ̀." Èmi tí mo ti pa èkúté kún garawa! Ṣùgbọ́n ọmọ mi ló kúkú ń sunkún. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo bá a lọ sí pápá.

Mo pariwo lé Yusif, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́, lórí títí ohùn mi fi há. Ó kàn ń wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. "Màmá, kafra, ẹ má bínú. Wọ́n ti ta ilẹ̀ náà. Wọ́n rán àwa náà ni. Ẹ yára kó ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó."

La bá ń rá kòrò nínú koríko, katapílà ń bú ramúramù lẹ́yìn wa. Eku mẹ́ta péré la rí mú.

"Ká kó wọn lọ sínú igbó," mo ní.

"Eku igbó tó ni ibẹ̀ ò ní gbà wọ́n láàyè."

"Pápá mìíràn ńkọ́?"

"Wọ́n ti kọ́lé sórí gbogbo ẹ̀, Mọ́mì."

A kó wọn wá sílé mi. Mo tẹ́ koríko sínú páálí ọṣẹ, mo fọ́n ọkà bàbà sí i, mo tan fáànù sí wọn. Abena aládùúgbò mi, tó máa ń pe àwa Yorùbá ní Anago, ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Anago, ó ti wá di eku lò ń sìn?" Àwọn eku ò jẹun. Wọ́n kó ara wọn jọ sí kọ̀rọ̀, wọ́n ń gbọ̀n.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, méjì ti kú. Morónfólú gbé ẹ̀kẹta sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń fi òwú kan omi sí i lẹ́nu.

"Mọ́mì, ẹ wò ó, ó ń mí."

Ọwọ́ ọmọ mi ló ń gbọ̀n. Eku ti gan.

"Mo rí i," mo ní. "Rọra máa fún un lómi."