Ìgò Mẹ́fà Nínú Iyàrá Opó

3.
…nítorí náà, ìgò mẹ́fà ni Olúrẹ̀mí, òṣìṣẹ́ ọgbà àgbẹ̀, fi sílẹ̀ nígbà tí ibà pa á ní Ìlá, lóṣù kẹfà ọdún 1956. Agbọ́n kéékèèké tí kì í ta ènìyàn ló wà nínú wọn. Wọ́n a máa yé ẹyin sára ìdin tí ń jẹ inú pòròpórò àgbàdo run. Ọmọ agbọ́n á jẹ ìdin náà tán, á sì fò jáde. Ìyàwó rẹ̀, Bernice, mọ̀ wọ́n sìn jù ú lọ. Kí òkú má bínú.

4.
ÌWÉ LÁTI ỌGBÀ ÀGBẸ̀
Bí àwọn agbọ́n bá yè títí a ó fi dé, iṣẹ́ ọkọ yín di tiyín.
— Dáníẹ́lì, ọ̀gá

5.
ÒFIN OPÓ, LÁTI ẸNU ÌYÁ ỌKỌ
Ogójì ọjọ́ nínú iyàrá.
Kò gbọdọ̀ rí oko.
Bó bá pé, Ọláníyì, àbúrò ọkọ, yóò ṣú u lópó.

(Ìyá yìí kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ o.)

6.
Ọjọ́ kọkànlá. Ìdin tán. Ìgò mẹ́ta kò tíì rí gbà.

7.
BERNICE: Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnìkan bá mi ṣẹ́ pòròpórò wá.
ÌYÁ: Opó kì í ránni lóko. Jẹ́ kí ilẹ̀ ọmọ mi tutù ná.

8.
Ó gun àpótí, ó nawọ́ sí àgbàdo èṣí lórí àjà. Ìdin wà níbẹ̀ náà, tín-ín-rín. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó sunkún. Ó ṣe bí ìdin kan kò ju ìdin kan lọ.

9.
OHUN TÓ JÁDE
Ìgò mẹ́ta, ìdin oko: agbọ́n mọ́kànlélógójì. Ìyẹ́ wọn gùn.
Ìgò mẹ́ta, ìdin àjà: mẹ́sàn-án. Wọn kò tóbi tó ìdajì àwọn yòókù. Méjì kò lè fò.
Ìyá kan náà ló bí gbogbo wọn.

10.
Ó wo ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ̀rù ara rẹ̀ bà á.

11.
Ọjọ́ kọkàndínlógójì, lójú fèrèsé.
DÁNÍẸ́LÌ: Ta ló ní kí ẹ pààrọ̀ ìdin?
BERNICE: Kò sẹ́ni, sà. Mi ò lè jáde ni.
DÁNÍẸ́LÌ: Ẹ ò bá má sọ fún mi.
BERNICE: Bí mo ṣe rí i ni mo kọ ọ́.
DÁNÍẸ́LÌ: Irú ẹni báyìí ni mo ti ń wá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

12.
FỌ́Ọ̀MÙ ÌGBÀSÍṢẸ́
Orúkọ: Bernice, opó Olúrẹ̀mí
Iṣẹ́: ìtọ́jú agbọ́n, nílé àti lóko
Bó bá jẹ́ obìnrin, kí olórí ilé fọwọ́ sí i: ____________

13.
Olórí ilé ti di Ọláníyì.

BERNICE: Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ni.
ỌLÁNÍYÌ: Mo rí i, ìyàwó.

Ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó fi sápò. Ó ní àwọn á sọ ọ́ tí ogójì bá pé.

14.
Ọ̀la ni.