Èmi Ni Ẹsẹ̀ Ìyàwó Rẹ̀

…bàtà yìí ni màá lò. Òun gan-an. Èyí tó ń dún bí ìlẹ̀kùn tí wọn ò kán epo sí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e kọ́. Bí Arẹwà bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ńlá yẹn, tòun ti aṣọ ìyàwó funfun tó ń wọ́ nílẹ̀, tòun ti fìtílà lọ́wọ́, tí gbogbo gbọ̀ngàn sinimá pa lọ́lọ́ — fìì-ìn, pàlà. Fìì-ìn, pàlà. Bíi pẹ́pẹ́yẹ tó ń lọ sódò. Ẹ̀rín á bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ẹnì kan á kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹnì kejì á gbà á… Mo ti ń gbọ́ ọ báyìí. Ó dùn mọ́ mi.

Ó dùn mọ́ mi, kí ló dé tí màá fi bò ó?

Iṣẹ́ mi ni. Èmi ni mo ń rìn fún àwọn èèyàn inú fíìmù. Tí wọ́n bá ń ṣeré, ẹ̀rọ kì í gbọ́ ẹsẹ̀ wọn dáadáa, ni wọ́n ṣe ń gbé àwòrán wá fún mi nínú yàrá tí kò ní fèrèsé yìí. Màá dúró lórí pákó, tàbí lórí iyanrìn, tàbí lórí òkúta wẹ́wẹ́, màá máa wò wọ́n, màá máa rìn. Ọba tó ń bọ̀ láti ojú ogun, èmi ni. Olè orí òrùlé, èmi ni. Àti ní báyìí… ní báyìí, obìnrin tó gba ọkọ mi. Òun náà, èmi ni. Ayé mà kúkú ń fi èèyàn ṣeré o.

Ọkọ mi àtijọ́ ló ń darí fíìmù náà. Ìwé àtijọ́ kan tí gbogbo wa kà nílé ìwé ni, ìwé ìfẹ́ tí ẹ̀rù kún inú rẹ̀: ọmọbìnrin aláìní kan fẹ́ ọlọ́lá, ó kó wọ ilé ńlá etí omi, wọ́n ní ìyáálé ti kú, àmọ́ ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnì kan lókè àjà. Láti ọdún tí a fẹ́ra wa ló ti ń sọ pé òun á fi ṣe fíìmù. Èmi ni màá sì ṣe ìyàwó náà, ó ní. "Ojú rẹ ni mo máa ń rí bí mo bá ń kà á." Ojú mi! Ojú mi ló wá di ojú Arẹwà… Arẹwà tó kọ́kọ́ wá sílé wa láti kọ́ bí a ṣe ń dúró níwájú kámẹ́rà. Tó ń kúnlẹ̀ kí mi. "Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí wa." Àǹtí wa! Mo gbé àga fún un. Mo bu omi tútù fún un. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti mọ ibi tí a ń kó aṣọ sí.

Ìyáálé ò sì ní ojú nínú fíìmù yìí. Kò síbi tí wọ́n ti rí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Ọkùnrin yìí wá tẹ̀ mí láago — òun fúnra rẹ̀, kò rán ẹnikẹ́ni. "Ìwọ nìkan lo lè ṣe é." Ohùn jẹ́jẹ́ yẹn, bí ẹni ń fi oyin pa mí lẹ́nu. Ìyàwó àti ìyáálé, méjèèjì ló fẹ́ kí n rìn. Ojú ò tiẹ̀ tì í… àbí ojú ń tì í, ó kàn rò pé èmi ni ojú ò ní tì.

Mo ní ó dáa. Ẹ̀gbọ́n mi ní ṣé orí mi pé. "Ṣé iṣẹ́ ẹlòmíì tán láyé ni?" Kò yé e. Wọn kì í yẹ iṣẹ́ mi wò mọ́, wọ́n gbà pé bí mo bá ti rìn ín, ó dáa nìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi fíìmù náà han àwọn èèyàn pàtàkì ni ọkọ mi àtijọ́ náà máa ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ. Orúkọ mi á bà jẹ́ pẹ̀lú tiwọn. Kó bà jẹ́! Ìgbà tó lé mi… kò lé mi, ó kàn jẹ́ kí ilé náà lé mi… òwe ni gbogbo wọn fi ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyáálé, ó wà lájà fún ìyàwó. Mo dúró. Mo ń wo àjà. Ọrùn ń ro mí. Arẹwà ń dán, ó ń sanra, wọ́n ń gbé fọ́tò àwọn méjèèjì sínú ìwé ìròyìn, ọwọ́ ọkùnrin náà lórí èjìká rẹ̀. Pàṣán tó kọ̀ tí kò sọ̀ kalẹ̀, ṣé kò yẹ kí ẹnì kan gun àga lọ mú un ni?

Bọ̀dá Ẹ̀rọ ti tan iná pupa. Òun ló ń gba ohùn sílẹ̀ lẹ́yìn gíláàsì. Kì í sọ̀rọ̀ jù, kò sì bi mí ìdí tí mo fi wọ bàtà tó ń ké bí eku. Àwòrán ti bẹ̀rẹ̀. Arẹwà nìyẹn, lókè àtẹ̀gùn… Wo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wo ọrùn. Fìì-ìn — ó ti kọjá. Mo pẹ́. A tún un ṣe. Mo yá jù. A tún un ṣe… Kí ló ń ṣe mí? Mo ti rìn fún ọ̀mùtí, mo ti rìn fún ẹṣin! "Àǹtí, ojú rẹ̀ lẹ ń wò," ni Bọ̀dá Ẹ̀rọ wí. "Ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò."

Òótọ́ ni. Láti àárọ̀, ojú rẹ̀ ni mo ń wò. Mo ń wá ohun tó wà níbẹ̀ tí kò sí lójú tèmi.

Kò burú. Ẹsẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ba nǹkan jẹ́ dáadáa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo bọ́ bàtà. Màá fi ẹsẹ̀ lásán bá a rìn lẹ́ẹ̀kan, kí n mọ ibi tó ń gbé ara lé, lẹ́yìn náà màá wọ bàtà pẹ́pẹ́yẹ mi padà.

Ó ń bọ̀. Ó dúró, ó gbé fìtílà sókè… Eré ni. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ń kan pákó gbàgbà bí ẹni tó ni ilé. Ó mọ eré ṣe, ọmọ burúkú. Ó dé ìsàlẹ̀. Ohùn ọkọ mi àtijọ́ ní ó tó. Ó yẹ kí àwòrán tán síbẹ̀, àmọ́ àwọn tó gé e gbàgbé àjẹkù díẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Arẹwà ò mọ̀ pé kámẹ́rà ṣì ń wo òun. Ó gbé fìtílà sílẹ̀, ó bọ́ bàtà eré. Sálúbàtà rẹ̀ ló fẹ́ lọ mú. Igun àga ọkọ mi… igun àga ọkọ rẹ̀ hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àti ọwọ́ tó fi ń kọ nǹkan. Ẹ̀yìn àga yẹn ló máa gbà kọjá. Ó sì…

Dúró. Kí lò ń ṣe yẹn?

Ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ná. Ó ń gbọ́ bóyá pákó á dún. Kò dún. Ó wá gbé ara lé e díẹ̀díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ nìkan. Ó kó aṣọ ìyàwó jọ mọ́ra kó má baà họ ilẹ̀. Kò mí. Gìgísẹ̀ ò kan ilẹ̀ rárá…

Mo mọ̀ ọ́n. Olúwa, mo mọ ìrìn yìí. Ẹni tí kò bá gbé ilé ọkùnrin yẹn rí kò lè mọ̀ ọ́n. Kò lù mí rí, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Pákó á kàn dún nígbà tó bá ń kọ̀wé, á gbé bíírò sílẹ̀ — rọra — kò sì ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Lọ́la ńkọ́? Kò ní sọ̀rọ̀. Lọ́túnla ńkọ́? Màá máa bẹ̀ ẹ́ lórí ohun tí mi ò mọ̀. Mo kọ́ pákó ilé náà bí ọmọdé ṣe ń kọ́ ábídí, èyí tó ń ké, èyí tó ń dákẹ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé ọkọ mi ń dákẹ́?

Ó yẹ kó dùn mọ́ mi. Ohun tí mo ń bẹ Ọlọ́run fún rè é, ó wà níwájú mi… mo ń wá adùn rẹ̀, mi ò rí i. Èébú tí mo kó jọ dè é ti di omi lẹ́nu mi. Ọmọ burúkú, ta ló kọ́ ẹ nírìn yẹn? Mo mọ ẹni tó kọ́ ẹ. Inú ń bí mi — inú ń bí mi ju ti àárọ̀ lọ — àmọ́ ìbínú náà ti kúrò lára rẹ̀, ọwọ́ tó ń kọ nǹkan yẹn ló ń wò.

Iná pupa ti kú. Kí ni Bọ̀dá Ẹ̀rọ sọ? "Àǹtí, apá ìparí yẹn ò sí lára fíìmù o… àmọ́ òun nìkan ni ẹsẹ̀ yín ti bá tirẹ̀ mu látàárọ̀."

Kí ló bára mu? Mi ò rìn. Mo dúró, mò ń wò… Mo wo ilẹ̀. Mi ò sí níbi tí mo dúró sí mọ́. Mo ti la gbogbo pákó já dé ẹ̀gbẹ́ ògiri, mi ò sì gbọ́ ara mi. Kò sẹ́ni tó ń kọ̀wé níbí. Kò sẹ́ni tí mo lè dí lọ́wọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá gbélé, ilé tèmi, kọ́kọ́rọ́ tèmi… 

Gìgísẹ̀ mi wà lókè. Méjèèjì. Wọn ò kan ilẹ̀.