Ọwọ́ Oníka Mẹ́ta

Ó ju aṣọ náà mọ́ ògiri balùwẹ̀. Pàà! Aṣọ lẹ̀ mọ́ ògiri díẹ̀, ọ̀dà dúdú ń ṣàn sílẹ̀ lára rẹ̀ bí tìróò ẹni tó ń sunkún, kó tó já bọ́ sórí àwọn méjì tó ti wà nílẹ̀. Ó di mẹ́ta tó bàjẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo.

"Ẹ kú oríire," ni ó wí fún àwọn aṣọ náà. "Ẹ̀yin náà ti dara pọ̀ mọ́ wọn."

Ti ẹ̀kẹta yìí ló dùn ún jù. Ìgbà tó fa ọ̀dà lẹ́ẹ̀kejì ni férémù tó gbé lé aṣọ yẹ̀, ni àwòrán ọwọ́ tó fẹ́ tẹ̀ bá di méjì: ọ̀kan dúdú kirikiri, èkejì rí bí òjìji lẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló sì fẹ́. Ọwọ́ oníka mẹ́ta, kó tóbi, kó dúdú, kó dojú kọ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ aṣọ ní aago méje àárọ̀ ọ̀la, láyà ọgbọ̀n obìnrin tí yóò dúró sẹ́nu géètì rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pe obìnrin yìí. Àwọn kan ní torí iṣẹ́ ìránṣọ ni. Àwọn tí ẹnu rẹ̀ ti gún rí mọ̀ pé kì í ṣe torí ìránṣọ. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi jókòó sídìí ẹ̀rọ nílé-iṣẹ́ náà, ó sì fi mẹ́fà tó kẹ́yìn ṣe olórí ìlà, ẹni tó ń bójú tó àwọn òṣìṣẹ́ ìdí ẹ̀rọ. Òun ló mú àbúrò rẹ̀ wọ ibẹ̀, Tẹ́ẹ́rẹ́, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, èyí tó pọ̀n sẹ́yìn nígbà tí ìyá wọn wà lórí àìsàn. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni ẹ̀rọ tó ń gé aṣọ mú ìka méjì lọ́wọ́ òsì Tẹ́ẹ́rẹ́, ọmọńdinrín àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ìbòrí irin kan wà tó yẹ kó máa bo abẹ ẹ̀rọ náà. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò kí iṣẹ́ lè yá. Ilé-iṣẹ́ wá kọ̀wé pé àìfarabalẹ̀ òṣìṣẹ́ ló fà á. Àìfarabalẹ̀! Abẹ́rẹ́ fa ìwé náà ya lójú máníjà, wọ́n sì lé e lọ sílé lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ yẹn há a lọ́fun bí eegun ẹja. Kò ṣeé gbé mì, kò ṣeé pọ̀.

Atẹ̀wé tó wà níkòríta ló kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ náà tọ̀ lọ. Ọkùnrin yẹn kò kọ iṣẹ́ rí. Tí ajá bá fẹ́ tíṣáàtì, yóò tẹ̀ ẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí àwòrán náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí.

"Aǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀gá yẹn ni mò ń tẹ páálí fún."

"Ọwọ́ ni mo ní kí o tẹ̀. Mi ò ní kí o tẹ orúkọ ẹnikẹ́ni."

"Ọwọ́ yẹn ń sọ̀rọ̀, aǹtí."

"Ó ti gbọ́n jù ọ́ lọ nìyẹn."

Ó ti dé ojú títì kí ọkùnrin náà tó ké tẹ̀ lé e pé, "Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ohun téèyàn ń kọ́ nínú yàrá o!" Abẹ́rẹ́ kò wẹ̀yìn. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà délé bí ẹni gbé ẹyin iná.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi kọ́ ọ. Fóònù ni olùkọ́: obìnrin kan wà nínú fídíò tó ń rẹ́rìn-ín ṣáá, bí ẹni tí nǹkan kò bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ rí. Abẹ́rẹ́ kórìíra ẹ̀rín náà, ṣùgbọ́n ó ń wò ó. Ó yọ àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀ kúrò nínú férémù. Ọkọ ti bá tirẹ̀ lọ láti ọdún mẹ́jọ. Ọjọ́ yẹn ni férémù náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wúlò. Ó ta aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ olójú wẹ́wẹ́ sí i, ó fà á títí ó fi le bí awọ. Ó wá fi kẹ́míkà kun aṣọ náà nínú balùwẹ̀ tó ti fi nílọ́ọ̀nù dúdú dí fèrèsé rẹ̀. Bí kẹ́míkà yìí ti rí nìyí: ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá bà á, yóò gan, ibi tí àwòrán bá ṣíji bò, omi yóò fọ̀ ọ́ kúrò, ojú rẹ̀ yóò ṣí, ibẹ̀ sì ni ọ̀dà yóò máa gbà bọ́ sára tíṣáàtì.

Ti àkọ́kọ́ gan pátápátá. Aládùúgbò kan ló kan ìlẹ̀kùn láti ṣàròyé omi tó ń ṣàn gba ojúde rẹ̀, ni Abẹ́rẹ́ bá ṣí balùwẹ̀ gbayawu láti fún un lésì. Ó fún un lésì fún ìdajì wákàtí. Inú bíbí kò mọ̀ pé olówó òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ti Abẹ́rẹ́ kò mọ̀ pé oòrùn ń wọlé. Ó ku kẹ́míkà tó lè kun férémù lẹ́ẹ̀kan péré, ẹni tó ń tà á sì ti sọ pé ó di oṣù tó ń bọ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi ṣe ti àárọ̀ yìí bí ẹni tó gbé ìkókó lọ́wọ́. Ó tẹ́ nílọ́ọ̀nù mímọ́ gaara tó yà ọwọ́ sí lórí férémù, ó fi gíláàsì tẹ̀ ẹ́, ó sì gbé e síta sínú oòrùn fún ìṣẹ́jú méje. Nígbà tó da omi sí i, ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀, àtàǹpàkò, ìfábẹ̀lá, ìka àárín, bí ẹni tó rì sómi tó ń nawọ́ sókè. Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀ kò bínú sí ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn náà ni férémù bẹ̀rẹ̀ sí í jó lórí tábìlì ẹ̀yìnkùlé, ó ń yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Obìnrin inú fídíò ní kí wọ́n fi àgbékọ́ ìlẹ̀kùn dè é mọ́ tábìlì, kó lè máa ṣí kó sì máa padé lójú kan. Àgbékọ́ wà, ó ti tú u lára kọ́bọ́ọ̀dù. Súkúrù tó wà lára rẹ̀ ló ti dógùn-ún, tó kán. Mẹ́rin péré ló nílò.

"Kò sí," ni ó wí sókè, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò bi í. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí agolo bọ́tìnnì tó wà lójú fèrèsé. Ó kẹ̀yìn sí i, ó sì lo sẹ́lótéèpù. Ohun tí sẹ́lótéèpù ṣe ló wà nílẹ̀ balùwẹ̀ yẹn, mẹ́ta nínú aṣọ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tó rà: ọgbọ̀n fún àwọn obìnrin, mẹ́ta fún àṣìṣe. Àṣìṣe ti jẹ tirẹ̀ tán.

Ó wá kan aṣọ kẹrin. Ó fi orúnkún ti igun kan, ó fi ìgúnpá tẹ èkejì, ó da ọ̀dà, ó sì fa igi olórọ́bà tó fi ń ti ọ̀dà wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìmí. Ó gbé férémù sókè. Ó mọ́! Etí rẹ̀ mú bí ohun tí wọ́n fi abẹ gé. Ẹnu rẹ̀ ti là láti kígbe ayọ̀ kó tó rí àtàǹpàkò.

Apá ọ̀tún ló wà. Òsì ló yẹ kó wà. Àtẹ́lẹwọ́ ló yà, ọwọ́ tí a nà síwájú láti sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ̀yìn ọwọ́ ló jáde. Ó ti gbàgbé pé bí a bá dojú férémù bolẹ̀, ohun tó wà lára rẹ̀ yóò yí padà. Obìnrin inú fídíò sọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, bóyá ìyẹn ni Abẹ́rẹ́ kò fi gbọ́. Ó wá di ẹ̀ṣẹ́, ó gbé e sókè láti lu férémù náà já.

"Ọwọ́ ta nìyẹn?"

Tẹ́ẹ́rẹ́ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, báàgì léjìká, ọwọ́ òsì nínú gèlè tó fi ń bò ó láti ọjọ́ náà. Ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tó ń bá a na àwọn ìka tó kù ló ti ń bọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń retí rẹ̀.

"O ti dé? Wọlé lọ jẹun."

"Ọwọ́ ta nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi?"

Abẹ́rẹ́ fara bo tábìlì, ṣùgbọ́n ara ò tó o bò. "Tó bá parí ni mo fẹ́ sọ fún ọ."

"Ìgbà wo lẹ yà á?"

"Ọjọ́ tí oògùn gbé ọ sùn lórí àga."

Tẹ́ẹ́rẹ́ kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. "Nígbà tí mo sùn," ni ó wí. "Ọwọ́ tí mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí. Ọ̀gá mú ìka méjì. Ẹ̀yin wá mú mẹ́ta tó kù."

"Èmi!" Iná jó dé orí koko. "Èmi tí mò ń jà fún ọ! Èmi tí wọ́n lé bí ewúrẹ́ nítorí rẹ! Wo èékánná mi, wo bí ọ̀dà ṣe sọ mí dà, o wá ń fi mí wé ọ̀gá?"

"Mi ò ní kí ẹ má jà. Ọgbọ̀n obìnrin ni yóò gbé ọwọ́ mi sáyà lọ́la, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó bi mí pé ṣé kó gbé e."

"Ó dáa, fọkàn balẹ̀. Ó ti bàjẹ́. Òdì ló jáde. Lọ dúpẹ́."

Tẹ́ẹ́rẹ́ sún mọ́ tábìlì. Ó wo aṣọ náà títí. Lẹ́yìn náà ó tú gèlè, ó yọ ọwọ́ náà síta lójú oòrùn, ó sì fi lé àyà ara rẹ̀, àwọn ìka kọjú sókè, bí ẹni tó gbá ọmọ adìẹ mọ́ra. Ẹ̀yìn ọwọ́ ló kọjú sí Abẹ́rẹ́. Àtàǹpàkò wà lápá ọ̀tún. Kò sí ibi tó fi yàtọ̀ sí èyí tó wà lára aṣọ.

"Báyìí ni mo ṣe ń dì í mú tó bá ń dùn mí ní ìdájí," ni ó wí. "Èyí tí ẹ fẹ́ tẹ̀ yẹn, tiyín ni. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ fi ti ènìyàn ṣubú. Èyí ni tèmi. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi náà yóò wọ̀ ọ́, èmi ni mo sì máa dúró níwájú. Kí wọ́n wò ó dáadáa, kí wọ́n tún wá kọ àìfarabalẹ̀ síbẹ̀." Ojú rẹ̀ le. Abẹ́rẹ́ kò mọ̀ pé ìbínú wà níbẹ̀ tó tó yẹn. Tirẹ̀ ti ń pariwo jù.

"Ṣùgbọ́n férémù yín ń jó," ni Tẹ́ẹ́rẹ́ wí bó ṣe fi ìka ti igun rẹ̀. "Ẹ fi súkúrù dè é."

"Kò sí súkúrù nílé yìí."

"Ó wà." Ó fi àgbọ̀n júwe fèrèsé. "Mẹ́rin ló wà nínú agolo yẹn."

Abẹ́rẹ́ yíjú sí agolo náà. Àárọ̀ ọjọ́ kan padà wá sí i lọ́kàn, bí ẹni pé wọ́n da omi sí i: oníṣẹ́ ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tú ìbòrí irin náà, ó na súkúrù mẹ́rin sí i. "Olórí ìlà, ẹ bá wa tọ́jú ẹ." Abẹ́rẹ́ gbà á, ó jù ú sápò, ó sì wí pé, "Ẹ ṣe é kíá, iṣẹ́ ń dúró." Ohun tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ kẹrin ni ẹ̀rọ mú Tẹ́ẹ́rẹ́.

"O mọ̀?"

"Ìdí ẹ̀rọ ni mo wà. Mò ń wò yín."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Mò ń dúró kí ẹ sọ ọ́."

Abẹ́rẹ́ kúrò nídìí tábìlì. Ó wọlé, ó gbé agolo náà, bọ́tìnnì ń dún wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ bó ṣe ń wá súkúrù mẹ́rin náà. Epo ẹ̀rọ ṣì wà lára àwọn súkúrù náà. Tẹ́ẹ́rẹ́ na ọwọ́ sí i, ọwọ́ òsì, àtẹ́lẹwọ́ lókè, ó ń dúró. Abẹ́rẹ́ kó wọn sí i lọ́wọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Mo ní kí wọ́n ṣe é kíá," ni ó wí.

"Mo gbọ́ ọ," ni Tẹ́ẹ́rẹ́ dá a lóhùn. "Ẹ mú súkúrúdíráífà wá."

Férémù kò jó mọ́. Èkínní ń fa ọ̀dà, èkejì ń tẹ́ aṣọ, wọn kò tíì parí ìjà náà, iṣẹ́ kàn ń lọ ni. Bí aṣọ bá ti gbẹ, Abẹ́rẹ́ a fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́, nítorí ọ̀dà tí iná kò bá mú, omi àkọ́kọ́ ni yóò kó o lọ.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni Ìyá Oníbọ́tìnnì, ẹni tó ń kó àwọn obìnrin jọ, wọlé wá gba aṣọ. Ó rí Tẹ́ẹ́rẹ́ láìsí gèlè lọ́wọ́, ó ṣe bí ẹni tí kò rí i, ó sì dojú kọ kíka aṣọ. "Ọgbọ̀n. Ìwọ náà ń bọ̀, Tẹ́ẹ́rẹ́? A ti di mọ́kànlélọ́gbọ̀n nìyẹn. Abẹ́rẹ́, ta ni yóò wá níhòòhò nínú wa? Ẹ má wò mí o, àyà tèmi ti wálẹ̀ kọjá ohun tí à ń gbé lọ síta."

"Mo ní tèmi," ni Abẹ́rẹ́ wí.

Ó wọ balùwẹ̀, ó sì ṣa aṣọ kẹta nílẹ̀ lẹ́bàá ògiri tó sọ ọ́ mọ́. Ó ti gbẹ. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi ọwọ́ na ìwúnjọ rẹ̀. Ọwọ́ méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan dúdú kirikiri, èkejì lẹ́yìn rẹ̀ bí òjìji. Ó mọ ẹni tó ni èyí tó wà níwájú, ó sì ti wá mọ ẹni tó ni òjìji náà. Ó gbé áyọ́ọ̀nù lé èyí tó wà lẹ́yìn, ó sì tẹ̀ ẹ́ pẹ́, kí omi má bàa lè fọ̀ ọ́ kúrò.