Ìkíni Pọ̀ Ju Ìtàn Lọ

Aṣojú òǹkọ̀wé mìíràn tún ti kọ̀. Onídìrí ka èsì náà lórí fóònù, ó gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ òòyà, ó sì ń bá irun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ. Odindi ìwé ìtàn ló kọ, ìwé tó dáa ni pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n láìsí aṣojú tó máa gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé, inú àpótí ni yóò máa sùn. Ó dùn ún wọra.

"Ka ohun tí o kọ sí wọn kí n gbọ́," ni ẹ̀gbọ́n wí.

Ó kà á. Ó kí aṣojú kú iṣẹ́, ó kí ará ilé rẹ̀, ó tọrọ àforíjì pé òun dí i lọ́wọ́, ó ṣàdúrà fún un. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló ti ní òun kọ ìwé kan. Ló bá tún dúpẹ́.

"Ìwọ ọmọ yìí! O kí i títí ó fi rẹ̀ ẹ́, o wá dákẹ́ lórí ohun tó gbé ọ débẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n kàn já lu èèyàn láìkí i dáadáa ni?"

"Kí i lẹ́ẹ̀kan, kó o sọ̀rọ̀. Kí ló wà nínú ìwé ọ̀hún gan-an?"

Onídìrí ń dìrun, ó ń sọ ọ́. Opó kan ti ibi ìsìnkú ọkọ rẹ̀ dé, ó rí i pé wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá pa láti inú. Ẹnìkan ń wúkọ́ níbẹ̀, bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń wúkọ́ gẹ́lẹ́.

Irun parí, ẹ̀gbọ́n ò dìde. "Ta ló wà níbẹ̀?"

Fóònù ni onídìrí gbé. Ó pa ìkíni rẹ́, ó kọ ìtàn náà bó ṣe sọ ọ́, ó sì dúró síbi tí ẹ̀gbọ́n ti béèrè. Ó fi ránṣẹ́ sí aṣojú mìíràn.

"Bí èyí náà bá kọ̀ ńkọ́?"

"Ẹlòmíràn wà. Mi ò ní jáwọ́."

Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ, ẹ̀gbọ́n tún wà lórí àga nígbà tí fóònù dún. Ohùn obìnrin kan ni.

"Ẹ káàsán o. Èmi aṣojú tí ẹ kọ̀wé sí ni. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló wà nínú yàrá yẹn?"

Ìkíni kún ẹnu onídìrí bámúbámú. Ẹ̀gbọ́n ranjú mọ́ ọn. Onídìrí gbé e mì.

"Ẹ káàsán, mà. Ìwé náà ló máa sọ fún yín. Ṣé kí n fi ránṣẹ́?"

"Odindi rẹ̀. Lónìí."

Ìgbà yẹn ni onídìrí tó tú ìkíni sílẹ̀: ó kí i, ó kí ilé, ó kí ọ̀nà.