Ọkọ̀ Olórin Tí Mo Fi Dẹ́rù Ba Bùnmi

Èmi Lérè, ẹnu mi ló kọ́kọ́ jáde nínú ìyá mi. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ṣáájú ara tó kù. Gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà ní Houston ló mọ̀. Èmi ni mo sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ẹ̀fọn Pasadena, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston, ń wọ bàtà, pé òórùn iléeṣẹ́ epo tí mo ti ń ṣiṣẹ́ máa ń kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú kan wà ní oṣù kẹjọ ọdún 1986, tí mo sọ òótọ́ kan ṣoṣo, ojú mi sì rí màbo.

Lẹ́yìn ìsìn ni. Bàbá Mákánjúọlá, alàgbà ìjọ wa, jókòó láti bá Adéolú ọ̀rẹ́ mi àti Veronica ìyàwó rẹ̀ parí ọ̀rọ̀ àwọn àti Bùnmi. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Bùnmi. Iléṣà ni wọ́n ti mú un wá kó lè máa bá wọn tọ́jú Anthony, ọmọ wọn. Àdéhùn wọn ni pé tó bá ti ṣe é fún ọdún kan, wọ́n á fi í sí ilé ìwé nọ́ọ̀sì. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré kí ọdún náà pé. Àmọ́ Veronica ti ra tíkẹ́ẹ̀tì: tó bá di ọjọ́ Ẹtì, Bùnmi ń padà sílé nìyẹn.

Veronica ní, "Bàbá, mo tètè dé láti ọsibítù lọ́jọ́ Wednesday, aago mẹ́ta ọ̀sán. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Mo pè wọ́n títí. Ẹ mọ ibi tí mo ti rí wọn? Inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ! Nínú òkùnkùn, nínú ooru yìí, ó fi kóòtù bo ọmọ mi mọ́lẹ̀, ọmọ ń làágùn bí ẹni tó jáde nínú odò. Mo tan iná, mo rí ẹní, mo rí ike omi, mo rí bísíkíìtì. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, Bàbá! Ojoojúmọ́ ni! Mo bi í, ó yadi sí mi."

Adéolú mi orí. "Àbí nǹkan ń ṣe ọmọ yìí ni?"

"Bùnmi, ọmọ mi," Bàbá ní, "ta lò ń sá fún?"

Bùnmi wà lórí ìkúnlẹ̀. Omi ojú rẹ̀ ń kán sórí kápẹ́ẹ̀tì.

Èmi mọ ohun tó ń sá fún.

Ní oṣù karùn-ún, mo lọ kí wọn nílé. Ọkọ̀ áísìkirímù ń kọjá, ó ń kọ orin rẹ̀, tin-tin-tin. Bùnmi sáré dé ojú fèrèsé. "Bọ̀dá Lérè, ọkọ̀ wo ló ń kọrin yìí?" Ẹnu mi là kí n tó pè é. "Hà, o ò mọ̀ ọ́n? Ọkọ̀ ìjọba ni. Ẹkún ọmọdé ló ń dẹtí sí. Ilé tó bá ti gbọ́ ẹkún níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á já ilẹ̀kùn, wọ́n á gbé ọmọ lọ fún òyìnbó tí kò rí ọmọ bí. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o! Ẹni tó bá sọ ọ́, wọ́n á gbé òun náà." Mo rẹ́rìn-ín délé. Mo sì gbàgbé.

Òun kò gbàgbé. Ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ yẹn sì ń kọjá.

Tí mo bá sọ̀rọ̀ níwájú Bàbá, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi: Adéolú yìí ló fà mí wọ ibẹ̀, òun náà sì ni ọ̀gá mi níbẹ̀. Mò ń wo àjà. Ẹnu tí kì í sinmi lọ sá sẹ́yìn eyín. Veronica gbé tíkẹ́ẹ̀tì lé tábìlì. Ìgbà yẹn ni Bùnmi tó sọ̀rọ̀: "Ẹ dákun, ẹ̀yin Àǹtí. Màmá mi ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé nọ́ọ̀sì ni mò ń bọ̀ wá dà."

"Èmi ni," ni mo sọ. Mo dìde, mo ro gbogbo rẹ̀, n kò fi iyọ̀ sí i.

Adéolú ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà tẹ̀ lé e. "Lérè! O tún ti gbé e dé! Ọkọ̀ tó ń gbé ọmọ!"

"Bọ̀dá Lérè, ẹ jọ̀ọ́," Veronica ní, "ọjọ́ àwàdà kọ́ lòní."

Mo fi Bíbélì búra. Ẹ̀rín wọn le sí i, torí Bíbélì náà ni mo fi búra nígbà ọ̀rọ̀ bàtà ẹ̀fọn.

"Bọ̀dá." Ohùn Bùnmi ni. "Ṣé irọ́ ni?"

Ẹ̀rín dá wáí.

"Ṣé kì í gbé ọmọ?"

"Áísìkirímù ló ń tà, Bùnmi. Áísìkirímù lásán."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí ka oṣù lórí ìka rẹ̀: ìkarùn-ún, ìkẹfà, ìkeje, ìkẹjọ.

Veronica rọra mú tíkẹ́ẹ̀tì, ó tì í bọ inú báàgì rẹ̀. "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀rù yín náà ń bà mí, Àǹtí."

Veronica pa báàgì rẹ̀ dé. Ó wolẹ̀.

Bàbá dájọ́: Bùnmi kò lọ síbì kankan, ilé ìwé rẹ̀ kò yẹ̀. Ní alaalẹ́ kí Veronica máa jókòó tì í, kó máa bi í bí ọjọ́ ṣe rí. Ní tèmi, èmi ni n ó máa fi mọ́tò gbé e lọ sílé ìwé, gbé e bọ̀.

"Mo gbà, Bàbá," Bùnmi ní. "Ṣùgbọ́n kí wọ́n má bá mi sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò."

Adéolú kò tíì kí mi láti ọjọ́ náà àfi lórí iṣẹ́. Mò ń gbé Bùnmi lọ ní ọjọ́ Tuesday àti Thursday. Ẹ̀yìn ló ń jókòó sí. Lánàá, lórí freeway, trélà kan kọjá lára wa, odidi ilé ló gbé lẹ́yìn, pẹ̀lú fèrèsé, pẹ̀lú kọ́tìnnì! Ilé o, ẹ̀yin èèyàn! Ọ̀rọ̀ hó nínú mi bí omi ẹ̀bà. Mo gbé e mì.

A dúró níbi iná pupa. Ọkọ̀ áísìkirímù kan yọ, tin-tin-tin. Mo wo dígí. Bùnmi ti mọ ohun tó ń tà. Síbẹ̀, ó di ìwé rẹ̀ mọ́ àyà, ọwọ́ rẹ̀ sì bo orí ìwé náà bí ìgbà téèyàn ń bo orí ọmọ.