Àmọ̀ràn fún Ẹni Tó Ń Lọ sí Lọ́ńdọ̀nù

Láti àárọ̀ ni Sàlímọ́tù ti jókòó sí ẹ́ápọ́ọ̀tù Àbújá, báálù tí yóò gbé e lọ sí Èkó kò sì tíì dé. Ọyẹ́ ni wọ́n sọ pé ó fà á. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1988 yẹn, ọyẹ́ gbé eruku wá láti òkè Hausa débi pé ẹni tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn kò lè rí àwọn ọkọ̀ tó wà níta dáadáa. Ètè gbogbo èèyàn ti là. Eruku funfun bíi èlùbọ́ bo àga, ó bo àpótí, ó sì bo ìwé ìròyìn tí ẹnì kan fi bojú sùn.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni Sàlímọ́tù ní ilé ìwòsàn kan ní Garki. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó ti lé ní ogójì ọdún, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kó dé Àbújá nígbà tí ìlú náà ṣì jẹ́ kìkì katakata àti iyẹ̀pẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ló ń lọ. Kò dé òkè òkun rí. Lálẹ́ ọjọ́ kejì ni báálù Lọ́ńdọ̀nù yóò gbéra l'Ékòó, nítorí náà kò tíì pẹ́ jù, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́, kì í sì í ṣe àárẹ̀ ọjọ́ kan. Ó ti lọ tò fún físà l'Ékòó, wọ́n ní kó padà wá, ó padà sí Àbújá, ó tún lọ. Láàárín lílọ bíbọ̀ yẹn, ó ń gba ọmọ tuntun lọ́wọ́ àwọn aboyún, ó ń fi ìrọ̀lẹ́ dúró ní ilé tẹlifóònù, ó ń retí kí wọ́n bá a gba ìlà Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà mìíràn tí ìlà bá gbà, ohùn ẹni tó wà lọ́hùn-ún á máa dún bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga, á sì já kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì.

Obìnrin àgbàlagbà kan ló jókòó tì í. Ó wọ súwẹ́tà ọkùnrin lé bùbá rẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé orí àpótí rẹ̀ bí ẹni tó wà ní pálọ̀ ara rẹ̀. Ẹfúnróyè ni orúkọ rẹ̀, ará Ìjẹ̀bú, oníṣòwò léèsì. Ó ti sọ fún gbogbo ẹni tó bá yà sọ́dọ̀ rẹ̀ pé àwọn ìyàwó ọ̀gá tí ìjọba ń kó wá láti Èkó ni òun wá já aṣọ fún. Ní ọwọ́ òsì Sàlímọ́tù, ọkùnrin onísúùtì kan jókòó, ó ń nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún, eruku sì ń padà síbẹ̀. Ọládùnjoyè ni ìyẹn ń jẹ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ìpàdé ló ń bá lọ sí Èkó.

"Ibo lò ń lọ, ọmọ mi?" Ẹfúnróyè bi í.

"Lọ́ńdọ̀nù ni, Mà."

"Lọ́ńdọ̀nù kẹ̀! Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

Sàlímọ́tù la ẹnu láti sọ òtítọ́, òtítọ́ náà kò sì jáde. Ó ti sọ ọ́ jù. Ó ti sọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ̀, fún àwọn aládùúgbò, fún àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí, fún ọkùnrin tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì l'Ékòó tó ń wò ó bí ẹni tó purọ́. Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ á di ọwọ́ rẹ̀ mú, á ní "ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́," títí etí rẹ̀ á fi máa ro ó. Kò lágbára láti tún gba "ẹ pẹ̀lẹ́" kan sí i lọ́jọ́ yẹn.

"Nọ́ọ̀sì ni mí, Mà, mo gba ìsinmi ni," ó ní. "Mo fẹ́ lọ wo ìlú."

"O káre!" Ẹfúnróyè yí ara padà sí i pátápátá. "Ìwọ lo mọ ayé jẹ. Tó bá jẹ́ ìlú lo fẹ́ wò, gaàrí ni kó o kọ́kọ́ dì, àti ata gígún. Má dá ẹni tó bá sọ pé oúnjẹ wà níbẹ̀ lóhùn. Oúnjẹ wà lóòótọ́, àmọ́ ẹnu ò mọ̀ pé òun ń jẹun. Ní Fìẹ́nà, ìlú òyìnbó tí mo ti ń ra léèsì, wọ́n gbé ẹran kan fún mi, wọ́n lù ú pẹrẹsẹ títí ó fi tóbi ju abọ́ lọ. Mo jẹ ẹ́ tán, ó dà bíi pé páálí ni mo jẹ. Lọ́jọ́ kejì mo bu ata tèmi sí i. Onílé mi ní kí n jẹ́ kóun tọ́ ọ wò. Omi ń dà lójú ẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́."

Ọládùnjoyè rẹ́rìn-ín. Ó fi gíláàsì rẹ̀ padà sójú.

"Onílé, Mà? Ṣé ẹ ò wọ̀ sí hòtẹ́ẹ̀lì ni?"

"Kí ni mo fẹ́ fi hòtẹ́ẹ̀lì ṣe? Opó kan wà lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin tó ń fi yàrá háyà. Ilé ẹ̀ móoru, kì í béèrè ìbéèrè, tó o bá sì ń ṣòjòjò, á po tíì fún ẹ. Èèyàn tó bá dé ìlú onílùú, kó wá ilé opó."

"Ti Lọ́ńdọ̀nù yàtọ̀ díẹ̀, Mà," ni Ọládùnjoyè wí. Ó tẹ̀ síwájú kó lè rí Sàlímọ́tù. "Ẹ gbọ́, nọ́ọ̀sì. Àdúgbò Pádíńtọ̀nù ni kẹ́ ẹ wọ̀ sí. Ilé kéékèèké ló pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń fún èèyàn ní ẹyin àti búrẹ́dì láàárọ̀. Ẹ jẹ ẹ́ dáadáa, kẹ́ ẹ lè gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán. Tí iṣu bá ń wù yín, ẹ lọ sí ọjà Ṣẹ́pádì Búùṣì. Bọ́ọ̀sì pupa alájà méjì ni kẹ́ ẹ wọ̀, kẹ́ ẹ sì lọ jókòó sókè, níwájú pátápátá. Ẹ ó wo gbogbo ìlú láìrìn. Àwọn sójà tó ń ṣọ́ ààfin ọbabìnrin ńkọ́? Fìlà wọn tó báyìí, onírun. Ẹ lè máa ju ìka níwájú ojú wọn, wọn ò ní rẹ́rìn-ín."

"Wọn ò ní rẹ́rìn-ín rárá, Sà?"

"Rárá o."

Ọkùnrin náà tún sọ pé ní ìlú Jẹ̀nífà tí òun lọ lọ́dún tó kọjá, omi kan ń tú sókè láti inú adágún, ó ga ju gbogbo ilé tí wọ́n ń kọ́ ní Àbújá yìí lọ. Ẹfúnróyè ní òun ò fẹ́ràn omi tó ń tú sókè, òun fẹ́ràn èyí tó ń tú sínú garawa. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Obìnrin Gwari kan tó ru igbá kòsáì, àkàrà àwọn Hausa, lé èjìká wọlé, Ọládùnjoyè sì kí i ní "sànnu," ó ra tiwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n ń jẹ ẹ́, eruku ń dún lábẹ́ eyín wọn.

Ohun tó ya Sàlímọ́tù lẹ́nu ni bí ara ṣe ń tù ú. Ó ń rí ara rẹ̀ lókè bọ́ọ̀sì pupa, obìnrin tí kò ní iṣẹ́ kankan, tó gbé àpò lé itan, tó ń wo àwọn èèyàn láti òkè. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n ń ta ẹja gbígbẹ níbẹ̀. Ó bi wọ́n nípa irú bàtà tó yẹ kóun wọ̀. Bí wọ́n ṣe ń dáhùn, ó ń mi orí, ó sì fẹ́ kí wọ́n má dákẹ́.

"Ọ̀rẹ́ mi kan ń gbé ní Bríkísítọ̀nù," ni Ẹfúnróyè sọ. "Màá sọ ilé ẹ̀ fún ẹ. Má lọ dá sùn."

"Ṣé ibẹ̀ jìnnà sí Hámásímíìtì, Mà?" Sàlímọ́tù kò ronú kó tó bi í.

"Hámásímíìtì?" Ọládùnjoyè ló dáhùn. "Ó jìnnà díẹ̀. Kí lẹ fẹ́ wò níbẹ̀? Kò sí nǹkan kan lápá ibẹ̀ fún ẹni tó bá wá ṣeré, àyàfi ọ̀nà ńlá àti ilé ìwòsàn..."

Sàlímọ́tù ti gbé ojú lọ síbòmíràn, ó mú ìyókù kòsáì náà dání, kò jẹ ẹ́. Ẹfúnróyè gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí àpótí.

"Ta ló wà níbẹ̀, ọmọ mi?"

"Àbúrò mi ni, Mà. Yàkúbù." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka orúkọ aláìsàn. "Inú ibi iṣẹ́ ló ṣubú sí ní oṣù kọkànlá. Ìdajì ara ẹ̀ ló kú. Kò lè sọ̀rọ̀. Èmi ni mo tọ́ ọ, èmi ni mo rán an lọ. Kò níyàwó, kò lẹ́nì kankan níbẹ̀. Wọ́n ní tí ẹnì kan ò bá wá, àwọn ò mọ ibi tí wọ́n máa gbé e sí."

Ó ń retí "ẹ pẹ̀lẹ́." Ó ti mú ọkàn rẹ̀ le dè é. Ṣùgbọ́n Ẹfúnróyè kò sọ ọ́. Obìnrin náà gbọn eruku kúrò ní ẹsẹ̀ ìró rẹ̀, ó sì jókòó tààrà.

"Ó dáa," ó ní. "Gbàgbé gbogbo ohun tá a ti ń sọ bọ̀. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ṣẹ́ ọrùn ẹsẹ̀ lórí yìnyín ní Fìẹ́nà lọ́dún kan, mo pẹ́ ní ilé ìwòsàn wọn, mo mọ bó ṣe rí. Gbọ́ mi. Wọn ò ní jẹ́ kó o tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò dà bí tiwa. Tí aago bá ti lù, wọ́n á ní kó o jáde. Má bá wọn jà. Wá nọ́ọ̀sì àgbà tó ń bójú tó wọ́ọ̀dù, kó o sọ fún un pé iṣẹ́ kan náà lẹ jọ ń ṣe. Ìwọ fúnra ẹ mọ̀ pé tí nọ́ọ̀sì bá fẹ́, ó láwọn nǹkan tí kò ní rí."

Sàlímọ́tù rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìrò tẹ́lẹ̀, omijé sì tẹ̀ lé e.

"Ògì ni kó o bá a mú lọ," Ẹfúnróyè ń bá ọ̀rọ̀ lọ, kò wo omijé náà. "Kì í ṣe gaàrí. Ògì gbígbẹ, kó o sì máa fi ṣíbí kékeré fún un. Wọ́n á ti fi omi ọ̀dùnkún sú u. Ilé ìwòsàn ńlá máa ń ní yàrá àdúrà. Àga gígùn máa ń wà níbẹ̀. Tó bá rẹ̀ ẹ́, lọ nà síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa lé ẹni tó ń gbàdúrà."

Ọládùnjoyè ti yọ gíláàsì rẹ̀. Láìsí i, ojú rẹ̀ rí bí ojú ẹni tí kò sùn.

"Ẹ má wọ̀ sí Pádíńtọ̀nù mọ́," ó ní. "Ẹ wá yàrá sí ibi tẹ́ ẹ ti lè fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ohun kan tún wà tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi kí n tó lọ: ní àsìkò yìí, ilẹ̀ ti ń ṣú kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Nígbà àkọ́kọ́ mi, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo rò pé ayé ti parí, mo sunkún bí ọmọdé. Ẹ tan gbogbo iná yàrá, kẹ́ ẹ sì wá oúnjẹ gbígbóná jẹ. Á lọ."

Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lọ bẹ́ẹ̀, ohùn wọn rẹlẹ̀. Wọ́n sọ bí èèyàn ṣe ń gbé ẹni tí kò lè rìn wọ báálù, ẹni tó yẹ kó bá sọ̀rọ̀ ṣáájú, bí yóò ṣe fi aṣọ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má bàa yẹ̀. Bí Sàlímọ́tù bá gbàgbé, ó ń béèrè lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sì ń tún un sọ.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, eruku fúyẹ́ díẹ̀. Báálù kan yọ láti inú funfun yẹn, ó balẹ̀, ariwo sì sọ. Kò sẹ́ni tó dúró gbọ́ ìkéde. Báálù kan ṣoṣo ló dé fún èrò báálù mẹ́ta, gbogbo wọn sì mọ̀ ọ́n. Àwọn alhaji ká babaríga sókè, àwọn ọ̀gá ju ìtìjú nù, wọ́n sáré jáde sórí ọ̀dà. Sàlímọ́tù dìde. Kò ní okun tí yóò fi bá wọn sá.

"Kai! Ẹ gbé e wá!" Ọládùnjoyè já àpò rẹ̀ gbà, ó fi ọwọ́ kejì mú un lápá, ó ń fà á lọ. Ẹfúnróyè ti wà níwájú jìnnà. Súwẹ́tà rẹ̀ ń fẹ́, ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ lanà láàárín àwọn ọkùnrin. Nígbà tí Sàlímọ́tù fi máa dé ẹsẹ̀ àkàbà, òṣìṣẹ́ kan ti na ọwọ́ dí i.

"Ó ti kún!"

"Kò tíì kún!" Orí Ẹfúnróyè yọ lẹ́nu ilẹ̀kùn lókè. "Ìró mi wà lórí àga ẹ̀! Jẹ́ kí ọmọ mi wọlé!"

Òṣìṣẹ́ náà wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀. Ó ní ẹnì kan ṣoṣo. Ọládùnjoyè gbé àpò náà lé Sàlímọ́tù lọ́wọ́, ó sì sún sẹ́yìn.

"Ìpàdé yín ńkọ́, Sà?"

"Ìpàdé ò ní kú. Ẹ máa lọ."

Sàlímọ́tù gun àkàbà. Nígbà tó bojú wo ìta láti ojú fèrèsé, ọkùnrin náà ti ń padà lọ sínú ilé, ó ń nu gíláàsì rẹ̀. Sàlímọ́tù kò tún rí i mọ́.

L'Ékòó ni òun àti Ẹfúnróyè ti pínyà. Ó ra ògì gbígbẹ, ó sì wọ báálù Lọ́ńdọ̀nù. Ní ilé ìwòsàn, Yàkúbù mọ̀ ọ́n. Apá tó yè ló fi di aṣọ rẹ̀ mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí aago fi lù. Nọ́ọ̀sì àgbà wọ́ọ̀dù náà, obìnrin ará Jàmáíkà kan, wo ògì náà, ó wo Sàlímọ́tù, ó sì ní òun fẹ́ lọ wo nǹkan kan ní ọ̀fíìsì. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó padà sẹ́nu Yàkúbù, díẹ̀díẹ̀, kò sì padà tán. Ìgbà òjò ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó gbà kó gbé e wálé.

Yàrá kejì ilé Sàlímọ́tù ní Garki ni Yàkúbù ń gbé báyìí. Ó ń fi igi rìn láti bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà, ó sì ń bínú sí ooru, sí ẹ̀fọn, sí iná tó ń lọ. Ọjọ́ Sátidé kan, Sàlímọ́tù ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀, tánkà omi sì ti dé àdúgbò. Kò bọ́ aṣọ iṣẹ́. Ó gbé garawa, ó lọ tò lẹ́yìn àwọn obìnrin, ó fara ti ògiri, ó dijú díẹ̀.

"Àǹtí!" Ohùn Yàkúbù ń wọ́ jáde láti ojú fèrèsé, ó wúwo. "Tíì."

"Mo gbọ́," ó dáhùn. Ó fi ẹsẹ̀ ti garawa rẹ̀ síwájú. "Mò ń bọ̀."